Ẹ fẹ́ háyà mọ́tò lọ gbafẹ́ lórí òkè Swítsàlandì? Ẹ kọ́kọ́ wo ara àwọn tó máa jókòó sínú ẹ̀

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ ìyá arúgbó tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru àti ọmọ kékeré lẹ fẹ́ẹ́ kó lọ jẹ oyin ọ̀hún, ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo ẹnu àáké náà dáadáa kẹ́ ẹ tó dáwọ́ lé e.

Lásìkò tí ilé-ìwé bá ti gba ọlidé, àwọn ọmọ wa tó ń gbé ní Ìlú Ọba máa ń wá ibi tí wọ́n máa kó ẹbí wọn lọ. Ọ̀kan lára ibi tó máa ń wù wọ́n ni Swítsàlandì. Ó lé ní ìdajì ilẹ̀ orílẹ̀-èdè náà tó jẹ́ òkè ńláńlá tí wọ́n ń pè ní Alps, yìnyín wà lórí òmíràn láti ọdún dé ọdún, adágún omi sì wà nísàlẹ̀. Nígbà míì, ìyá tó wá bá wọn tọ́jú ọmọ láti Ìbàdàn tàbí Abẹ́òkúta náà máa ń bá wọn lọ. Kíá ni wọ́n á ti wọ orí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n á wá mọ́tò tí owó ẹ̀ kéré jù, ó parí.

Ohun tá a fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ ni pé tó bá dọ̀rọ̀ òkè, kì í ṣe owó mọ́tò ló yẹ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ bèèrè. Ara ẹni tí agbára ẹ̀ kéré jù nínú yín ló yẹ kẹ́ ẹ wò kẹ́ ẹ tó yan mọ́tò, kẹ́ ẹ tó yan ọ̀nà, kẹ́ ẹ sì tó yan ibi tẹ́ ẹ máa sùn sí.

Kí ni òkè ń ṣe fún ara?

Ìlú Jos tí gbogbo wa mọ̀ sí ibi gíga, bíi mítà 1,200 péré ló fi ga ju òkun lọ. Ní Swítsàlandì, ọ̀nà mọ́tò tó gba orí òkè Furka ga tó mítà 2,429, ti Susten jẹ́ 2,224, ti Grimsel sì jẹ́ 2,164. Ọkọ̀ ojú irin kan tún wà tó ń gbé èèyàn dé ibi tí wọ́n ń pè ní Jungfraujoch, mítà 3,454 ni ibẹ̀ ga tó. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, Zürich àti Geneva, níbi tí bàlúù máa já yín sí, kò ga ju bíi mítà 400 lọ. Wákàtí mélòó kan péré ló wà láàárín ìsàlẹ̀ àti òkè téńté.

Bí èèyàn bá ṣe ń gòkè ni afẹ́fẹ́ ń fúyẹ́ sí i. Tẹ́ ẹ bá dé orí Furka, ọ́síjìn tẹ́ ẹ máa rí fà símú kò ju bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin èyí tẹ́ ẹ máa ń rí l'Ékòó. Ní Jungfraujoch, ó ti di bí ìdá méjì nínú mẹ́ta. Ẹni tí ara ẹ̀ le lè kàn máa mí gúlegúle díẹ̀, kí orí máa fọ́ ọ, tàbí kó má rí oorun sùn dáadáa. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹni tó ní àìsàn ọkàn, ikọ́ fée tó le, tàbí ẹ̀jẹ̀ ríru tí oògùn ò tíì ká, yàtọ̀ sí tẹni tí ara ẹ̀ le. Ọkàn á máa sáré kó lè rí ọ́síjìn tó, ìfúnpá náà sì lè lọ sókè ju bó ṣe wà nílé lọ.

Àwọn tí ọ̀rọ̀ yìí kàn jù ni ìdílé tí ẹni tó jẹ́ SS tàbí SC bá wà. Àìtó ọ́síjìn wà lára ohun tó ń mú kí ẹ̀jẹ̀ wọn tẹ̀ bíi dòjé, tí ìrora á sì dé. Òtútù ń fà á, kí omi gbẹ lára náà ń fà á. Gbogbo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló sì pàdé sórí òkè. Kó dà, ẹni tó jẹ́ AS, tí a máa ń sọ pé kò ní nǹkan kan tó ń ṣe é, kò gbọ́dọ̀ gbà pé ọ̀rọ̀ ò kan òun. Àwọn dókítà ti rí i lára àwọn AS kan tí wọ́n gun òkè tó ga gan-an pé ìrora ńlá mú wọn ní ìhà òsì lókè ikùn, nítorí pé ẹ̀jẹ̀ ò rí ọ̀nà dé ẹ̀yà ara tó wà níbẹ̀ mọ́. Kì í sábà ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n tó bá ṣẹlẹ̀, kí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n sì gba ọsibítù lọ.

Nítorí náà, ẹ lọ rí dókítà yín ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan kẹ́ ẹ tó gbéra. Ẹ má kàn sọ pé ẹ ń lọ gbafẹ́, ẹ sọ iye mítà tẹ́ ẹ fẹ́ẹ́ gùn fún un. Dókítà lè ní kẹ́ ẹ lọ, ó lè ní kẹ́ ẹ má kọjá ibì kan, ó sì lè ní kẹ́ ẹ má gòkè rárá.

Kẹ́ ẹ tó gba kọ́kọ́rọ́

Ẹ má yan mọ́tò tó kéré jù nítorí owó. Mọ́tò kékeré tó kó èèyàn márùn-ún àti ẹrù wọn á máa mí hẹlẹhẹlẹ lórí òkè. Ẹni tí orúnkún ń dùn, ẹ wá mọ́tò tí àga ẹ̀ ga díẹ̀ fún un, kó má baà jẹ́ pé ẹ ó máa fà á sókè níbi gbogbo tẹ́ ẹ bá dúró sí.

Òfin ibẹ̀ ní kí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 12, tí kò sì ga tó sẹ̀ǹtímítà 150, jókòó sórí àga ọmọdé tó bá a mu. Ẹ béèrè fún un nígbà tẹ́ ẹ bá ń háyà mọ́tò, ẹ má dúró dìgbà tẹ́ ẹ bá débẹ̀. Ẹ má gbé ọmọ lé ẹsẹ̀ ìyá àgbà láéláé, bó ti wù kó máa sunkún tó.

Àwọn iléeṣẹ́ tó ń háyà mọ́tò sábà máa ń fẹ́ kírẹ́díìtì káàdì tó ní orúkọ ẹni tó máa wakọ̀ lórí. Wọ́n á ti owó ìdógò pa sórí ẹ̀ títí dìgbà tẹ́ ẹ bá dá mọ́tò padà. Ẹni tí kò tíì pé ọdún 25 máa ń san owó lé e, àwọn iléeṣẹ́ kan sì ní ọjọ́ orí tí wọn kì í gba àgbàlagbà láàyè láti wakọ̀ mọ́ tó bá ti kọjá ẹ̀. Nípa ìwé adójútòfò, ẹ bi wọ́n léèrè iye tí ẹ̀yin fúnra yín máa san tí nǹkan bá ṣe mọ́tò. Ẹ tún béèrè bóyá ó kan táyà, gíláàsì àti abẹ́ mọ́tò, torí òkúta ojú ọ̀nà òkè kì í mojú ẹnì kan. Kẹ́ ẹ tó wakọ̀ kúrò níbẹ̀, ẹ fi fóònù ya gbogbo ibi tó bá ti há tàbí tó tẹ̀ lára ẹ̀.

Àmì kan tún wà tí wọ́n ń pè ní vignette. Ẹ ò gbọ́dọ̀ gba ọ̀nà márosẹ̀ Swítsàlandì láìní in. Franc 40 ni wọ́n ń tà á, ìtanràn ẹni tí kò bá ní in sì jẹ́ franc 200, ó sì tún máa ra àmì náà. Mọ́tò tẹ́ ẹ bá háyà nínú Swítsàlandì sábà máa ń ní in. Ṣùgbọ́n pápákọ̀ òfurufú Geneva ní ẹ̀gbẹ́ tó jẹ́ ti Swítsàlandì, ó sì ní ẹ̀gbẹ́ tó jẹ́ ti Faransé. Mọ́tò ẹ̀gbẹ́ Faransé lè dínwó, àmọ́ kì í sábà ní àmì ọ̀hún. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti Basel. Ẹ béèrè ibi tí mọ́tò yín wà gan-an kẹ́ ẹ tó sanwó.

Ìyá tó ń lo ìwé ìrìnnà Nàìjíríà, físà Ìlú Ọba nìkan ò lè gbé e wọ Swítsàlandì. Físà Schengen ló nílò, ó sì dáa kó gbà á láti ilé. Ara ohun tí wọ́n máa béèrè ni ìwé adójútòfò ìtọ́jú àìsàn tí kò dín ní 30,000 owó Yúrò. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó kan gbígbé èèyàn kúrò lórí òkè pẹ̀lú ẹlikópítà.

Sísọ̀kalẹ̀ le ju gígùn lọ

Àwọn tó ń wakọ̀ nílẹ̀ tó tẹ́jú rò pé gígùn òkè ni iṣẹ́. Rárá o, sísọ̀ ni. Ẹni tó bá ń tẹ bíréèkì láìgbẹ́sẹ̀ kúrò lórí ẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, bíréèkì ọ̀hún á gbóná débi tí kò ní lè mú mọ́tò dúró mọ́. Ẹ fi jíà kékeré sọ̀ kalẹ̀, jíà kejì tàbí ìkẹta, kí ẹ́ńjìnnì máa dá mọ́tò dúró fúnra ẹ̀. Tó bá jẹ́ ọtomátíìkì, ẹ wo lẹ́tà L, B tàbí M lára jíà, kẹ́ ẹ sì béèrè bí wọ́n ṣe ń lò ó kẹ́ ẹ tó kúrò lọ́dọ̀ àwọn tó ni mọ́tò. Ẹ wá máa tẹ bíréèkì dáadáa fún ìgbà díẹ̀, kẹ́ ẹ sì tú u sílẹ̀ kó fẹ́ atẹ́gùn.

Tẹ́ ẹ bá gbóòórùn bíi rọ́bà tó ń jó, tàbí tí bíréèkì bá rọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀, ẹ wábi tó láàbò dúró, kẹ́ ẹ jẹ́ kó tutù fún bí ààbọ̀ wákàtí. Ẹ má da omi lé e lórí o, irin tó gbóná lè sán.

Ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n ń gbà wakọ̀ níbẹ̀, kì í ṣe òsì bíi ti Ìlú Ọba. Kìlómítà 80 ní wákàtí kan lòfin fàyè gbà lẹ́yìn ìlú, 50 láàárín ìlú, ṣùgbọ́n kọ́nà òkè míì wà tó jẹ́ pé 30 gan-an ti pọ̀ jù. Tí mọ́tò méjì bá pàdé lójú ọ̀nà tóóró tí wọn ò lè kọjá lára wọn, èyí tó ń sọ̀ kalẹ̀ ló máa fẹ̀yìn rìn, àfi tí èyí tó ń gòkè bá sún mọ́ ibi tó fẹ̀. Mọ́tò kékeré náà ló máa ń yà fún èyí tó tóbi. Bọ́ọ̀sì aláwọ̀ òféfèé kan wà níbẹ̀, tiwọn ni àwọn ọ̀nà òkè tí wọ́n ya fèrè sí lára pátákó. Tẹ́ ẹ bá gbọ́ fọ̀ọ̀n ẹ̀ olóhùn mẹ́ta níwájú kọ́nà, ẹ rọra, ẹ fún un lọ́nà, kẹ́ ẹ sì ṣe ohun tí dẹ́rẹ́bà ẹ̀ bá ní kẹ́ ẹ ṣe.

Ìtọ́jú ọmọ àti àgbà lójú ọ̀nà

Etí máa ń di bí mọ́tò bá ń gòkè tàbí tó ń sọ̀ kalẹ̀. Àgbà lè máa gbé itọ́ mì tàbí kó jẹ ṣingọ́ọ̀mù. Ọmọ ọwọ́ ò mọ èyí, ẹkún ló máa sun. Ẹ fún un ní ike ọmú níbi tó jókòó sí, tó bá sì jẹ́ ọmú ìyá ló ń mu, ẹ wábi dúró kẹ́ ẹ tó gbé e.

Àwọn ọmọ tó wà láàárín ọdún méjì sí 12 ni kọ́nà òkè máa ń mú bì jù. Ẹ fún wọn lóúnjẹ díẹ̀ tí kò lépo púpọ̀, ẹ ṣí fèrèsé, ẹ ní kí wọ́n máa wo ọ̀nà níwájú, kí wọ́n gbé fóònù àti ìwé tì. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ẹ́ lo oògùn èébì, apòògùn ni kẹ́ ẹ bi, pàápàá fún àgbàlagbà, torí àwọn kan nínú oògùn yìí máa ń mú kí oye wọn dàrú.

Àwọn tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tó ń mú ni tọ̀ kì í fẹ́ẹ́ mumi lójú ọ̀nà, wọn ò fẹ́ yọ àwọn ọmọ lẹ́nu. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ má dúró dìgbà tí màmá bá sọ̀rọ̀. Ẹ dúró ní wákàtí méjìméjì, kí wọ́n tọ̀, kí wọ́n rìn díẹ̀ kí ẹ̀jẹ̀ má baà dì sí wọn lẹ́sẹ̀, kí wọ́n sì mumi. Inú báàgì ọwọ́ ni kí oògùn wà. Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ, tó ń gún abẹ́rẹ́ insulin, kò gbọ́dọ̀ fi í sílẹ̀ sínú mọ́tò, yálà nínú oòrùn tàbí nínú òtútù tó lè mú kó dì.

Òkè ò pọn dandan

Ẹni tí dókítà bá ní kó má gòkè ṣì lè gbádùn ara ẹ̀. Ẹ sùn sí ìsàlẹ̀, bíi Interlaken tí kò tó mítà 600, níbi táwọn òkè ti hàn kedere. Tó bá di dandan kẹ́ ẹ kọjá sí òdìkejì Furka, ọkọ̀ ojú irin kan wà tó ń gbé mọ́tò tòun tèrò inú ẹ̀ gba ihò abẹ́ òkè kọjá láti Realp sí Oberwald, kò sì ní gbé yín dé orí òkè téńté. Òun náà làwọn èèyàn ń wọ̀ nígbà òtútù, torí yìnyín máa ń ti ọ̀nà orí Furka pa, ó sì sábà máa ń di bí oṣù kẹfà kí wọ́n tó ṣí i.

Tó bá sì jẹ́ Zermatt nìkan lẹ fẹ́ẹ́ lọ, ẹ má wulẹ̀ háyà mọ́tò. Wọn kì í jẹ́ kí mọ́tò àlejò wọ ibẹ̀, Täsch lẹ máa gbé e sí, tí ẹ ó máa sanwó lórí ẹ̀ lásán. Ọkọ̀ ojú irin dé ibẹ̀ tààrà.

Ẹ kọ àwọn nọ́ńbà yìí sórí bébà, kẹ́ ẹ fún àgbà inú mọ́tò mú dání: 144 fún ọkọ̀ tó ń gbé aláìsàn, 117 fún ọlọ́pàá, 1414 fún ẹlikópítà tó ń gba èèyàn là lórí òkè. Tẹ́ ẹ bá gbàgbé gbogbo ẹ̀, ẹ pe 112. Bí orí bá ń fọ́ ẹnikẹ́ni gan-an, tí kò lè mí dáadáa, tàbí tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ràndànràndàn, ẹ má sọ pé ẹ fẹ́ẹ́ ya fọ́tò tán. Ẹ yí mọ́tò padà, ẹ máa sọ̀ kalẹ̀, kẹ́ ẹ sì pe 144. Òkè ò ní sá lọ, ó máa wà níbẹ̀ títí ọdún mìíràn.

Àlọ ire, àbọ̀ ayọ̀ o.