Júdò: Ìjà Tí Ẹ̀kọ́ Rẹ̀ Bẹ̀rẹ̀ Láti Orí Ìṣubú

Ẹni tí ó bá wọ ilé ẹ̀kọ́ ìjà júdò fún ìgbà àkọ́kọ́ lè rò pé ọ̀nà tí a fi ń dá ẹlòmíràn ni olùkọ́ yóò kọ́kọ́ fi han òun. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun àkọ́kọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ ń kọ́ ni bí òun fúnra rẹ̀ yóò ṣe máa ṣubú láìfarapa.

Àwọn ará Japan ń pe ẹ̀kọ́ yìí ní ukemi. Akẹ́kọ̀ọ́ a tẹ àgbọ̀n mọ́ àyà kí orí rẹ̀ má baà gbá ilẹ̀. Kò ní na ọwọ́ gbọnrangandan láti fi gba ara rẹ̀ dúró, nítorí irú èyí máa ń dá egungun ọrùn-ọwọ́. Kàkà bẹ́ẹ̀, yóò fi gbogbo apá gbá ẹní, kí agbára ìṣubú náà lè pín káàkiri ara.

Ọmọ tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń lù

Jigoro Kano, tí wọ́n bí ní ọdún 1860 ní ìlú Mikage, ni ó dá júdò sílẹ̀. Ènìyàn kúkúrú, tí kò lágbára púpọ̀ ni, àwọn ọmọ tí ó sígbọnlẹ̀ jù ú lọ a sì máa fìyà jẹ ẹ́ nílé ẹ̀kọ́. Ìyà yìí ni ó mú un wá olùkọ́ jujutsu, ìjà àtijọ́ ilẹ̀ Japan, kiri. Ó rí ọ̀kan ní ọdún 1877.

Níbẹ̀, akẹgbẹ́ kan tí ó tóbi jù ú lọ ń dá a ṣáá. Kano kò fi ẹ̀kọ́ sílẹ̀. Ó gbìyànjú ọgbọ́n ìjà sumo, kò ràn án. Ó wá lọ ka ìwé nípa ìjàkadì àwọn aláwọ̀ funfun, ó sì rí ọ̀nà kan tí a fi ń gbé ènìyàn kọ́ èjìká. Nígbà tí ó fi dánra wò dáadáa, ó dá ọkùnrin náà.

Àwọn Yorùbá ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Kano wo ẹ̀yìn. Ní ọdún 1882, ó dá ilé ẹ̀kọ́ Kodokan sílẹ̀ nínú tẹ́ńpìlì kan ní Tokyo, lórí ẹní 12 péré. Júdò wọ ìdíje Òlíḿpíìkì ní ìlú yìí kan náà ní ọdún 1964.

Ìlànà méjì

Ìlànà kìíní ni lílo agbára bí ó ti tọ́ àti bí ó ti yẹ. Kano fi ìṣirò ṣàlàyé rẹ̀. Bí agbára alátakò bá jẹ́ 10, tí tèmi jẹ́ 7, tí mo sì kò ó lójú, yóò dá mi. Ṣùgbọ́n bí ó bá tì mí, tí mo fà sẹ́yìn ní ìwọ̀n bí ó ti tì mí, ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò yẹ̀. Agbára rẹ̀ lè wá ku 3, nígbà tí 7 tèmi ṣì wà lọ́wọ́ mi.

Ẹni tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, tàbí tí ó fìdí rẹmi nínú ìdánwò, lè fi ìlànà yìí ran ara rẹ̀ lọ́wọ́. Bí ó bá ná gbogbo okun rẹ̀ sórí ìbínú sí ohun tí ó ti ṣẹlẹ̀, kí ni yóò fi dìde? Kí ó gbà pé òun ti ṣubú, kí ó wádìí ohun tí ó gbé òun ṣubú, kí ó sì fi okun tí ó kù síbi tí yóò ti wúlò.

Ìlànà kejì ni àǹfààní fún tèmi-tìrẹ. Kò sí ẹni tí ó lè dá nìkan kọ́ júdò tán. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ gbà kí a dá òun, kí ẹnì kejì lè kọ́ ẹ̀kọ́. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè.

Ìkìlọ̀ fún ìlera

Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, fojú bù ú pé 684,000 ènìyàn ni ìṣubú ń pa lọ́dọọdún, àwọn tí ó ti ju ẹni 60 ọdún lọ ni ó sì pọ̀ jù nínú wọn. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe dá ìṣubú kọ́ nílé lórí sìmẹ́ńtì. Ẹ wá olùkọ́ tí ó mọṣẹ́. Kí àgbàlagbà, aboyún, àti ẹni tí ó ní àrùn ọkàn tàbí ti egungun kọ́kọ́ rí dókítà. Bí ìbànújẹ́ bá sì pẹ́ lára ènìyàn, tí kò jẹ́ kí ó sùn tàbí kí ó jẹun, ilé ìwòsàn ni kí ó lọ: gbígba ìrànlọ́wọ́ kì í ṣe ìjákulẹ̀.