Ẹ̀mú inú kòkòrò ikọ́ ẹ̀gbẹ

Lédè Haúsá, alágbẹ̀dẹ ni Makera túmọ̀ sí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilé iṣẹ́ aṣọ ni ọ̀pọ̀ èèyàn mọ àdúgbò tó ń jẹ́ orúkọ yẹn mọ́ ní Kàdúná. Ẹni tó bá ti dúró lẹ́nu ilé arọ rí mọ ẹ̀mú: apá irin méjì tó pàdé, tó di irin gbígbóná mú pinpin. Bó bá dẹ̀ pẹ́nrẹ́n, irin á bọ́, òòlù á balẹ̀ lásán.

Irú ẹ̀mú bẹ́ẹ̀ wà nínú gbogbo ohun ẹlẹ́mìí. RNA polymerase lorúkọ rẹ̀. Àwọn onímọ̀ máa ń fi í wé ọwọ́ akàn; ẹ̀mú tẹ́ mi lọ́rùn jù, torí akàn kì í rọ nǹkan. Okùn DNA ló gbé há àárín apá méjèèjì. Á tú u sílẹ̀ níwọ̀n lẹ́tà 12 sí 14, á ka ẹ̀gbẹ́ kan, á sì máa rọ RNA jáde bí àdàkọ. Ní ìsàlẹ̀ ẹnu rẹ̀ ni mágínísíọ̀mù wà, níbi tí lẹ́tà ti ń so mọ́ lẹ́tà. Ihò kan ni lẹ́tà tuntun ń gbà wọlé, òmíràn ni RNA ń gbà jáde. Bí ẹ̀mú náà bá jábọ́ lójú ọ̀nà, kò lè padà wá parí iṣẹ́ náà, àtìbẹ̀rẹ̀ ni. Ìdí nìyẹn tó fi dì mọ́ DNA tó bẹ́ẹ̀. Lọ́dún 2001 ni Roger Kornberg àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ fi àwòrán ẹ̀mú ti inú ìwúkàrà hàn. Ó gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 2006.

Rifampicin, oògùn ikọ́ ẹ̀gbẹ, kò tilẹ̀ fọwọ́ kan ibi tí lẹ́tà ti ń so pọ̀. Ojú ọ̀nà tí RNA ń gbà jáde nínú ẹ̀mú kòkòrò ikọ́ náà ló jókòó sí. Lẹ́tà méjì tàbí mẹ́ta péré, RNA á forí sọ ọ́, iṣẹ́ á dá. Ẹ̀mú tiwa kò rí bẹ́ẹ̀ níbẹ̀, oògùn náà kì í rí i dì mú. Àmọ́ kòkòrò náà lè yí ibi ìjókòó yẹn padà. Lẹ́tà DNA 81 tó wà fún ibẹ̀ ni ẹ̀rọ GeneXpert ń yẹ̀ wò nínú kẹ̀lẹ̀bẹ̀, láti mọ̀ bóyá ó ti yí padà. Ní Saye, ní Zaria, ní ìpínlẹ̀ Kàdúná kan náà tí Makera wà, ni ìjọba àpapọ̀ ti ń kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìlera nípa ikọ́ ẹ̀gbẹ àti ẹ̀tẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń lo rifampicin, ìtọ̀ yín yóò pọ́n bí omi ọsàn. Ẹ̀jẹ̀ kọ́. Ẹ má tìtorí rẹ̀ pa oògùn tì kí oṣù mẹ́fà tó pé.