Ìyàwó Abu Zayd: Ṣé Ó Wà Ni, àbí Àròsọ Ni?

Nígbà tí a ń ka Maqamat al-Hariri pẹ̀lú àwọn ọmọ kíláàsì àgbà wa, àríyànjiyàn kan bẹ́ sílẹ̀ tí kò tán títí agogo fi lù. Apá kan ní Abu Zayd kò níyàwó rárá, irọ́ lásán ni ó ń pa kí ó lè rí owó gbà. Apá kejì ní ó níyàwó, wọ́n ní ṣebí a gbọ́ ohùn obìnrin náà nínú ìwé. Àwọn òbí kan gbọ́ ọ̀rọ̀ náà nílé, wọ́n sì bi wá pé kí ni èyí fẹ́ ṣe fún ọmọ tí a ní kí ó wá kọ́ kéwú. Ìdáhùn wa nìyí.

Fún ẹni tí kò tíì ka ìwé náà, Al-Hariri ará Basra ní ilẹ̀ Ìráàkì ni ó kọ ọ́. Wọ́n bí i ní ọdún 446 Híjírà (1054), ó sì kú ní 516 (1122). Ìtàn 50 ni ó wà nínú rẹ̀. Arìnrìn-àjò kan tí ń jẹ́ Al-Harith ibn Hammam ni ó ń sọ wọ́n fún wa. Ìlú tí ó bá dé, àfi kí ó bá arúgbó kan pàdé tí ń fi èdè dídùn gba owó lọ́wọ́ ènìyàn. Arúgbó náà ni Abu Zayd, ará Saruj. Ó ti pẹ́ tí àwọn ààfáà ilẹ̀ wa ti ń kọ́ ọmọ ní ìwé yìí nítorí ìjìnlẹ̀ èdè Lárúbáwá inú rẹ̀.

Ní maqama karùn-ún, Al-Harith àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń tàkúrọ̀sọ lóru ní Kufa nígbà tí Abu Zayd kan ilẹ̀kùn, tí ebi ń pa á. Wọ́n fún un lóúnjẹ, wọ́n ní kí ó sọ ìtàn. Ó ní ní alẹ́ ọjọ́ náà gan-an, òun dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé kan láti tọrọ jíjẹ, ni ọmọdékùnrin kan bá jáde sí òun. Ọmọ náà ní Zayd ni orúkọ òun, Barra ni ìyá òun, bàbá òun sì jẹ́ ará Saruj kan tí ó fi ìyá òun sílẹ̀ pẹ̀lú oyún. Abu Zayd ní òun mọ̀ pé ọmọ òun ni, ṣùgbọ́n òṣì kò jẹ́ kí òun lè fi ara hàn án. Àánú ṣe wọ́n. Wọ́n dá owó jọ fún un tí ó tó nisabu, ìyẹn iye tí sàká fi ń di ọ̀ranyàn lórí ènìyàn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Al-Harith ní kí ó mú òun lọ rí ọmọ náà. Ẹ̀rín pa arúgbó yìí títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní Barra kì í ṣe ìyàwó òun, òun kò sì ní ọmọ tí wọ́n ń tìtorí rẹ̀ pe òun ní Bàbá Zayd.

Ẹ̀yin tí à ń pè ní Bàbá Sùlè àti Ìyá Ṣàkírà, ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀! Kódà orúkọ tí gbogbo ayé mọ̀ ọ́n sí, kò sí ọmọ nídìí rẹ̀.

Ibí ni apá kìíní dúró sí. Wọ́n ní bí ìyàwó kan bá ti jẹ́ irọ́, irọ́ ni gbogbo wọn. A kò gbà fún wọn. Ta ni ó rí Barra? Kò sẹ́ni tó rí i. Ẹnu Abu Zayd nìkan ni a ti gbọ́ ọ, ẹnu kan náà ni ó sì fi sẹ́ ẹ. Ọmọ kéwú tí ó ti kọ́ bí a ṣe ń wádìí àwọn tí wọ́n gba hádíìsì wá yẹ kí ó mọ bí a ti ń gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ti maqama kẹsàn-án yàtọ̀. Al-Harith wà lọ́dọ̀ adájọ́ ìlú Alexandria ní Íjíbítì nígbà tí obìnrin ọlọ́mọ kan wọ́ arúgbó kan wọlé. Obìnrin náà ní bàbá òun ti búra pé oníṣẹ́ ọwọ́ nìkan ni òun yóò fi ọmọ òun fún. Ọkùnrin yìí wá, ó ní iṣẹ́ òun ni kí òun máa sín péálì, ìlẹ̀kẹ̀ olówó iyebíye tí wọ́n ń wá nínú òkun. Lẹ́yìn ìgbéyàwó, ó kó ẹrù òun tà tán, ebi sì ń pa òun àti ọmọ. Abu Zayd fèsì pé òun kò purọ́: ọ̀rọ̀ ni ìlẹ̀kẹ̀ òun, ewì ni òun ń fi sín in, ọjà náà ni kò tà mọ́. Adájọ́ gba àwọn méjèèjì gbọ́, ó sì fún wọn ní ìpín nínú owó sàká.

Obìnrin yìí wà. Al-Harith fi ojú ara rẹ̀ rí i, adájọ́ sì gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀. Ohun tí ó kù ni pé ṣé ìyàwó ni, àbí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nínú jìbìtì? Nígbà tí wọ́n lọ tán, adájọ́ rán ẹnì kan tẹ̀lé wọn. Ẹni náà padà dé pẹ̀lú ẹ̀rín. Ó ní arúgbó náà ń pàtẹ́wọ́, ó ń jó, ó ń kọrin pé obìnrin aláìnítìjú kan fẹ́rẹ̀ẹ́ kó bá òun, díẹ̀ ni ó kù kí òun wẹ̀wọ̀n. Ọmọbìnrin kan ní kíláàsì wa di èyí mú: bí wọ́n bá jọ dì í ni, kí ló dé tí ó tún ń bú u nígbà tí adájọ́ kò sí níbẹ̀? Ó ní ìbínú tọkọtaya ni ìyẹn. Àwa náà rò bẹ́ẹ̀.

Ní Tabriz, maqama 40, wọ́n tún dé iwájú adájọ́, ahun sì ni adájọ́ yìí. Ọkọ ní obìnrin náà purọ́ ju Sajah lọ. Obìnrin ní òun ni ó purọ́ ju Musailima ará Yamama lọ. Ẹni tí ó mọ ìtàn yóò rẹ́rìn-ín, nítorí àwọn méjèèjì wọ̀nyí pe ara wọn ní ànábì, àwọn òpìtàn sì ròyìn pé wọ́n fẹ́ ara wọn! Níkẹyìn Abu Zayd fi ewì sọ gbangba pé ìyàwó òun nìyí, dínárì méjì ni adájọ́ sì fi bọ́ lọ́wọ́ wọn. A gbà pé ìyàwó rẹ̀ ni. A ò kàn ní í fi Kùránì búra sí i.

Ní ti ìbéèrè àwọn òbí, Al-Hariri fúnra rẹ̀ ti sọ níbẹ̀rẹ̀ ìwé pé kò sẹ́ni tó bá àwọn tí ń pa ìtàn ẹranko tí ń sọ̀rọ̀ wí, àti pé láti la ojú ènìyàn ni òun ṣe kọ ọ́, kì í ṣe láti tan wọ́n. Wọ́n tilẹ̀ ròyìn pé arúgbó alágbe kan ni ó rí ní mọ́ṣáláṣí Banu Haram ní Basra. Nígbà tí ó sọ ọ́ fún àwọn ẹlòmíràn, oníkálukú ní òun náà ti rí i ní mọ́ṣáláṣí tòun, pẹ̀lú ìtàn mìíràn.

Àwa náà ti rí i. Ọkùnrin kan dìde lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ ní ọdún tó kọjá, ó ní ìyàwó òun wà ní ọsibítù. A dá owó fún un. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta ó tún wá pẹ̀lú ọ̀rọ̀ kan náà, àwọn jàmáà sì fi ariwo lé e jáde. Bóyá Barra ni obìnrin náà, bóyá obìnrin Alexandria ni, kò sí ẹnì kankan nínú wa tí ó ní kí ó mú òun lọ wò ó, bí Al-Harith ti ṣe ní Kufa. Adájọ́ Alexandria ní tirẹ̀, nígbà tí ó gbọ́ pé wọ́n ti fi òun ṣeré, ó rẹ́rìn-ín títí fìlà rẹ̀ fi bọ́, ó sì ní bí arúgbó náà bá lè padà wá, òun yóò fún un ní èyí tí ó dára ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Nínú maqama tí ó kẹ́yìn, Abu Zayd ronú pìwà dà, ó padà sí Saruj, ó gbájú mọ́ ìrun. Al-Harith lọ kí i, ó sì fún un jẹ nínú búrẹ́dì àti òróró ólífì rẹ̀. Apá kìíní ní a ò rí ìyàwó nínú ilé náà, ẹ̀rí àwọn nìyẹn. Apá kejì ní kí wọ́n kọ́kọ́ sọ ẹni tí ó ṣe búrẹ́dì náà.