Báǹkì Tó Wà Nínú Eegun Yín

Ẹ̀yin tí ẹ wà nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ láti Ìkẹjà sí Agége, ẹ kú ìrìn. Ọ̀rọ̀ eegun la fẹ́ sọ lónìí. Eegun ni mo wí o, kì í ṣe eégún. Ẹ má sá, kò sí àtòrì lọ́wọ́ mi.

Ẹni tó bá mọ odò ẹran Oko-Ọba ní Agége mọ̀ pé eegun kì í wọ́n níbẹ̀. Tí alápatà bá la eegun itan màlúù sí méjì, nǹkan mẹ́ta lẹ máa rí. Ìta rẹ̀ le, ó sì dán. Lábẹ́ oríkèé, inú rẹ̀ ní ihò wẹ́wẹ́ bíi kànìnkànìn. Mùdùnmúdùn tí a máa ń fà mu wà láàárín. Inú mùdùnmúdùn ni ara ti ń ṣe ẹ̀jẹ̀.

Kí ni wọ́n fi mọ eegun gan-an? Ẹ wo òpó ilé tí àwọn bíríkìlà ń dá ládùúgbò yín. Irin wà nínú rẹ̀, kọnkéré sì bo irin náà. Kọnkéré ni kì í jẹ́ kí òpó rún tí ẹrù bá wúwo lé e. Irin ni kì í jẹ́ kó kán tí nǹkan bá fẹ́ tẹ̀ ẹ́. Irin ti eegun ni okùn tín-ín-tìn-ìn-tín tí wọ́n ń pè ní collagen. Kọnkéré tiẹ̀ ni kálísíọ́mù tó so pọ̀ mọ́ phosphate.

Ẹ lè dán an wò nílé. Ẹ fi eegun ẹsẹ̀ adìẹ sínú fínígà fún ọjọ́ mélòó kan, kí ẹ máa pààrọ̀ fínígà náà. Kálísíọ́mù á yòrò, eegun á sì rọ̀ bíi rọ́bà. Ti eegun tí iná jó yàtọ̀. Collagen ló jóná níbẹ̀. Eegun náà ṣì dúró bó ṣe wà, àmọ́ tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ pẹ́nrẹ́n, ó rún.

Èyí tó máa ń ya èmi lẹ́nu jù ni pé eegun kì í ṣe igi gbígbẹ. Ó wà láàyè. Nígbà tí ọmọ wà nínú oyún, púpọ̀ nínú eegun rẹ̀ ṣì rọ̀ bí apá rírọ̀ tí à ń họ jẹ lára bisikíìtì bóònù. Díẹ̀díẹ̀ ni eegun líle ń gba ipò rẹ̀. Ìpele rírọ̀ kan á ṣẹ́ kù nítòsí ìparí eegun gígùn. Ibẹ̀ ni ọmọ ti ń ga. Tí ìbàlágà bá parí tí ibẹ̀ náà le, gíga tán nìyẹn.

Síbẹ̀, iṣẹ́ kò dúró. Sẹ́ẹ̀lì kan ń wó eegun, òmíràn ń tún un mọ. Láàárín ọdún kan, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá eegun àgbàlagbà ló ń di tuntun. Eegun tó ń ru ẹrù ń lágbára sí i. Eegun àwọn tó ń gbé nínú òfurufú, níbi tí ara kò ti ní ìwúwo, ń joro.

Kí ló dé tí ara fi ń wó ohun tó mọ? Ìdí ni pé eegun ni báǹkì kálísíọ́mù. Ọkàn nílò kálísíọ́mù kó tó lè lù, iṣan náà nílò rẹ̀ kó tó lè ṣiṣẹ́. Tí oúnjẹ kò bá mú un wá, ara á lọ yọ ọ́ nínú eegun, kò sì ní tọrọ àyè lọ́wọ́ yín.

Adìẹ ló mọ báǹkì yìí lò jù. Èèpo ẹyin kan ń gba nǹkan bíi gíráàmù 2 kálísíọ́mù. Kí abo adìẹ tó yé, á kó eegun àrà ọ̀tọ̀ kan jọ sínú ihò eegun ẹsẹ̀ rẹ̀, á sì máa yọ níbẹ̀ fi ṣe èèpo. Ìyẹn wà lára ìdí tí eegun àwọn tí ọlọ́jà ń pè ní old layer fi máa ń tètè kán.

Ní 2005, Mary Schweitzer àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà kéde pé àwọn rí irú eegun bẹ́ẹ̀ nínú itan Tyrannosaurus rex kan, tó ti kú láti nǹkan bíi mílíọ̀nù 68 ọdún sẹ́yìn. Èyí fi hàn pé abo ni, ó sì fẹ́ yé ẹyin. Ẹ má sì rò pé ọ̀nà jíjìn nìkan ni dáínósọ̀ gbé. Orílẹ̀-èdè Niger tó bá wa pààlà ni wọ́n ti wú Nigersaurus, tí wọ́n fún lórúkọ ní 1999. Eegun ẹ̀yìn rẹ̀ kún fún àyè afẹ́fẹ́, bíi ti ẹyẹ.

Ẹ jẹ́ ká wálé wàyí. Kí ló ń ṣẹlẹ̀ sí ọmọ tí kò rí nǹkan kan fi sí báǹkì? Eegun rẹ̀ kò ní le tó, ẹsẹ̀ rẹ̀ á sì tẹ̀ bí ọrun. Àwọn kan á ní ìyá rẹ̀ ni kò mọ ọmọ pọ̀n. Irọ́ ni. Àwọn míì á ní oòrùn ni kò rí, torí oòrùn ló ń fún wa ní fítámì D, tó ń ran ara lọ́wọ́ láti gba kálísíọ́mù. Àmọ́ oòrùn kò wọ́n nílẹ̀ wa. Ní Jos, Tom Thacher àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pín ọmọ 123 tó ní àìsàn yìí sí ọ̀nà mẹ́ta fún ọ̀sẹ̀ 24. Wọ́n fún àwọn kan ní fítámì D, àwọn kan ní kálísíọ́mù, àwọn yòókù ní méjèèjì. Èsì rẹ̀ jáde ní 1999: àwọn tó gba kálísíọ́mù ló sàn jù. Oúnjẹ àgbàdo tí kò ní wàrà ni púpọ̀ nínú wọn ń jẹ. Nígbà tó yá, wọ́n tún dán ẹja lílọ̀ tòun teegun wò, ó sì wo ọ̀pọ̀ ọmọ sàn.

Nítorí náà, tí ẹsẹ̀ ọmọ bá ń tẹ̀ sí i lẹ́yìn ọdún méjì, tàbí tí ọrùn-ọwọ́ rẹ̀ wú, ẹ gbé e lọ sí ọsibítù. Ẹ má bú ìyá rẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ńkọ́? Nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún ni báǹkì yìí ń kún dà. Lẹ́yìn ìyẹn, yíyọ ló máa ń pọ̀ ju fífi sí lọ. Ẹ jẹ ẹja wẹ́wẹ́ tòun teegun, ẹ jẹ wàrà, ẹ jẹ ewédú, ẹ sì máa fẹsẹ̀ rìn.

Ẹ fi ìbéèrè yín ránṣẹ́ sí mi.