Ìrànwọ́ Ìjọba Lórí Owó Ìtọ́jú Ọmọ ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì: Bí Òbí Ṣe Lè Jàǹfààní Rẹ̀

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ gírámà Lárúbáwá, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ ogún pípín. Ọ̀rọ̀ owó ni, ọ̀rọ̀ ọmọ sì ni. Ọ̀pọ̀ nínú yín ni ó ń fi èyí tí ó pọ̀ nínú owó oṣù san owó jẹ́lé-ó-sinmi, nígbà tí ìjọba ilẹ̀ náà ti ya owó sọ́tọ̀ láti bá òbí gbé ẹrù yìí. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá béèrè kò ní rí i gbà. Ìjọba kì í gbé e wá bá ènìyàn nílé.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun fún àwa Yorùbá. Láti nǹkan bí ọdún 1955 títí dé bí ọdún 1985, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ ilẹ̀ Nàìjíríà tí wọ́n lọ kọ́ ìmọ̀ òfin, ìṣirò owó tàbí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n bímọ síbẹ̀. Wọ́n ń lọ sí kíláàsì lọ́sàn-án, wọ́n ń ṣiṣẹ́ lóru, kò sì sí ìyá àgbà tí yóò gbọ́mọ pọ̀n. Wọ́n fi ìkéde sínú ìwé ìròyìn tí ń jẹ́ Nursery World, wọ́n sì gbé àwọn ọmọ náà fún àwọn obìnrin òyìnbó ní Kent, Sussex àti Essex láti máa bá wọn tọ́, wọ́n ń sanwó lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Àwọn alágbàtọ́ mìíràn ṣe dáadáa. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọmọ ni ó padà sọ́dọ̀ òbí láìgbọ́ èdè ìyá rẹ̀, tí kò sì mọ bàbá rẹ̀ yàtọ̀ sí àlejò. Òṣèré tí a mọ̀ sí Adewale Akinnuoye-Agbaje jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ó fi ìtàn ara rẹ̀ ṣe fíìmù kan tí ó jáde ní 2018. A kò bú àwọn òbí wọ̀nyẹn. Apá wọn ni kò ká a. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá wà níbẹ̀ lónìí ní ohun tí wọn kò ní, ìdí sì nìyí tí a fi ń kọ èyí.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí wákàtí ọ̀fẹ́. England gan-an ni a ń sọ níbí, nítorí pé Scotland, Wales àti Northern Ireland ní ètò tiwọn. Gbogbo ọmọ ọdún 3 àti 4 ni ó ní ẹ̀tọ́ sí wákàtí 15 lọ́sẹ̀, yálà òbí rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ tàbí kò ṣiṣẹ́. Fún òbí tí ń ṣiṣẹ́, ìjọba sọ ọ́ di 30 ní oṣù kẹsàn-án 2017. Ní oṣù kẹrin 2024 wọ́n fa ètò náà dé ọ̀dọ̀ ọmọ ọdún 2, ní oṣù kẹsàn-án ọdún náà ó dé ọ̀dọ̀ ọmọ oṣù 9, ṣùgbọ́n wákàtí 15 péré ni fún àwọn kékeré wọ̀nyí. Láti oṣù kẹsàn-án 2025, wákàtí 30 ni fún gbogbo wọn, láti oṣù 9 títí wọn yóò fi wọ ilé-ẹ̀kọ́.

Ẹni tí a ń pè ní òbí tí ń ṣiṣẹ́ ni ẹni tí owó tí ó ń gbà kò dín sí iye tí wákàtí 16 lọ́sẹ̀ yóò mú wá ní owó-iṣẹ́ tí ó kéré jù lọ lábẹ́ òfin. Bí òbí bá jẹ́ méjì nínú ilé, àwọn méjèèjì ni yóò pé bẹ́ẹ̀. Oṣù mẹ́ta ni a fi ń ṣírò rẹ̀, nítorí náà ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe iṣẹ́ alẹ́ ní ilé ìwòsàn, tí ọ̀sẹ̀ kan kún tí èkejì sì ṣófo, ẹ má bẹ̀rù. Ẹni tí ó ń ṣiṣẹ́ ara rẹ̀, tí kò tíì pé oṣù 12 tí ó bẹ̀rẹ̀, kò sí lábẹ́ òfin iye yìí rárá. Ṣùgbọ́n bí ọ̀kan nínú òbí méjèèjì bá ń pa ju £100,000 lọ lọ́dún, ètò náà kò kàn wọ́n.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń pàdánù ni ọ̀rọ̀ ọjọ́. Ọmọ kì í bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ tí ó pé oṣù 9; sáà tí ó tẹ̀lé e ni ó ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ béèrè kí ó tó di ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ fún sáà oṣù kẹsàn-án, ọjọ́ 31 oṣù kejìlá fún sáà oṣù kìíní, àti ọjọ́ 31 oṣù kẹta fún sáà oṣù kẹrin. Ẹ wo ọmọ tí a bí ní ọjọ́ 10 oṣù karùn-ún: yóò pé oṣù 9 ní ọjọ́ 10 oṣù kejì, oṣù kẹrin ni yóò bẹ̀rẹ̀. Bí ìyá rẹ̀ bá béèrè ní ọjọ́ 2 oṣù kẹrin, ó di oṣù kẹsàn-án. Ọjọ́ méjì ni ó fi pẹ́, sáà kan gbáko ni ó fi san owó. Nígbà tí ẹ bá ti gba nọ́ńbà ẹlẹ́yọ 11 tí wọn yóò fún yín, ẹ gbé e fún jẹ́lé-ó-sinmi lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì máa tún un jẹ́rìí ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta. Ẹni tí ó bá gbàgbé, ètò rẹ̀ lè já.

Ọ̀sẹ̀ 38 nínú ọdún ni wákàtí 30 náà wà fún, èyí tí í ṣe wákàtí 1,140. Àwọn jẹ́lé-ó-sinmi kan máa ń gbà kí a pín in ká gbogbo ọdún, kí ó di bí wákàtí 22 lọ́sẹ̀. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ní ìsinmi gígùn, èyí ni yóò bá a mu. Owó oúnjẹ àti ìtẹ́dìí kò sí nínú ọ̀fẹ́ náà. Wọ́n lè ní kí ẹ san án, ṣùgbọ́n wọn kò gbọdọ̀ sọ ọ́ di dandan kí wọ́n tó gba ọmọ. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣàníyàn nípa ẹran tí kì í ṣe hàláálì, ẹ béèrè bóyá ọmọ lè gbé oúnjẹ wá láti ilé. Ẹ ó fi ṣọ́ ẹnu ọmọ, ẹ ó sì fi ṣọ́ àpò ara yín.

Fún owó tí ó bá kù, àpò owó kan wà tí wọ́n ń pè ní Tax-Free Childcare, ó sì kan gbogbo ilẹ̀ ọba náà. Bí ẹ bá fi £8 sí i, ìjọba a fi £2 kún un. Òkè rẹ̀ ni £500 ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta fún ọmọ kan, tàbí £1,000 bí ọmọ náà bá jẹ́ aláàbọ̀ ara. Bí owó jẹ́lé-ó-sinmi tí ó kù fún yín láti san bá jẹ́ £800 lóṣù, £640 ni yóò ti ọwọ́ yín jáde. Ó dúró títí di ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án tí ó tẹ̀lé ìgbà tí ọmọ pé ọdún 11, nítorí náà ó kan owó ibi tí ọmọ ń dúró sí lẹ́yìn ilé-ẹ̀kọ́ àti ní àkókò ìsinmi. Òbí kò mọ èyí. Wọ́n rò pé ọ̀rọ̀ ọmọ ọwọ́ nìkan ni. Ohun tí ẹ kò bá lò nínú £500 oṣù mẹ́ta kan kì í rékọjá sí òmíràn. Ẹni tí ó mọ̀ pé owó ìsinmi ńlá ń bọ̀ ní oṣù kẹjọ, kí ó ti máa fi owó sínú àpò náà láti ìgbà tí owó kò tíì le. Àwọn kan lè béèrè bóyá £2 náà kò di èlé. Kò rí bẹ́ẹ̀: kò so mọ́ ìgbà tí owó pẹ́ níbẹ̀, a kò sì yá ẹnikẹ́ni lówó. Ẹ̀bùn ìjọba ni.

Ẹni tí owó rẹ̀ kéré, Universal Credit lè sàn fún un. Ó lè dá 85 nínú ọgọ́rùn-ún owó ìtọ́jú ọmọ padà; ní ọdún 2025 sí 2026, òkè rẹ̀ jẹ́ £1,031.88 lóṣù fún ọmọ kan àti £1,768.94 fún méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Láti 2023, ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lè béèrè kí wọ́n bá a san ti oṣù àkọ́kọ́ ṣáájú. Kò sí ẹni tí ó lè gba èyí àti Tax-Free Childcare pọ̀, ọ̀kan ni. Kí ẹ tó mú ọ̀kan, ẹ lo ẹ̀rọ ìṣirò tí ìjọba fi sí orí GOV.UK. Wákàtí ọ̀fẹ́ ní tirẹ̀ lè bá èyíkéyìí nínú méjèèjì rìn.

Ẹ̀yin tí ìwé ìgbélùú yín sọ pé ẹ kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan owó ìlú, ẹ ṣọ́ra gidigidi. Bí ọ̀kan nínú tọkọtaya bá ní ẹ̀tọ́ sí owó ìlú, òun ni kí ó béèrè fún wákàtí 30 àti Tax-Free Childcare. Bí ẹnikẹ́ni nínú yín kò bá ní, ẹ má dán an wò. Ẹ wá agbẹjọ́rò. Ṣùgbọ́n wákàtí 15 ti ọmọ ọdún 3 àti 4 wà fún ọmọ yín láìka ìwé ìgbélùú sí. Àwọn ọmọ ọdún 2 kan tí owó ilé wọn kéré náà lè rí wákàtí 15 gbà, kódà bí òbí bá wà lábẹ́ òfin yìí. Ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ yín ni ẹ ó ti béèrè.

Ó ku ẹni tí a lè san owó náà fún. Ẹni tí ó bá forúkọ sílẹ̀ nìkan ni, lọ́dọ̀ àjọ Ofsted ní England. Ìyá àgbà tí ó wá láti Ìbàdàn tàbí Ìlọrin láti wá wo ọmọ-ọmọ rẹ̀ kò sí nínú ètò yìí, kò sì tọ́ kí ẹnikẹ́ni kọ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀. Irọ́ ni, ìjọba a sì máa gba owó rẹ̀ padà pẹ̀lú ìtanràn. Bẹ́ẹ̀ náà ni kéú ìrọ̀lẹ́ àti ti òpin ọ̀sẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò forúkọ sílẹ̀, nítorí pé òfin kò fi dandan mú wọn, àwọn òbí kò sì lè fi owó yìí san án. Ẹ̀yin àáfáà wa tí ẹ ń gba ọmọ láti aago mẹ́rin títí òbí yóò fi ti ibi iṣẹ́ dé, ìwé orúkọ kan wà lọ́dọ̀ Ofsted tí ẹni tí òfin yọ̀ǹda lè fi ìfẹ́ inú ara rẹ̀ wọ̀. Wọn yóò wádìí yín lọ́dọ̀ ọlọ́pàá, wọn yóò béèrè ẹ̀rí pé ẹ mọ ìtọ́jú ẹni tí ó farapa, ẹ ó sì san owó ìforúkọsílẹ̀ lọ́dọọdún. Bí ó bá ti parí, òbí tí ó ń gbé ọmọ wá sọ́dọ̀ yín kí òun lè ráyè ṣiṣẹ́ lè fi àpò Tax-Free Childcare san owó yín.