Ọjọ́ Tí Ọmọ Kò Sí Ní Kíláàsì

Ẹni tó bá dúró sí ibùdókọ̀ ní Kútọnu tàbí ní Àjàṣẹ́ ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ kò tíì gba ìsinmi, yóò rí àwọn ọmọdé láàrin àwọn èrò tó ń lọ sí Pobè, Kétu àti Ṣábẹ̀. Aṣọ ẹbí ti wà nínú báàgì, ìyá ń ka àwọn ọmọ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan kí ọkọ̀ tó gbéra, awakọ̀ ń pariwo pé ó ku ẹnì kan. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, olùkọ́ yóò ṣí ìwé ìforúkọsílẹ̀, yóò pe orúkọ kan, kò ní gbọ́ ìdáhùn, yóò sì fi àmì sí i. Bẹ́ẹ̀ náà ni yóò rí ní ọjọ́ Ajé, nítorí ẹni tó bá lọ síbi ìsìnkú kì í sábà kúrò kí wọ́n tó pín ẹran.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọmọ tó sá kúrò ní ilé-ẹ̀kọ́ lọ gbá bọ́ọ̀lù ni a ń sọ. Kì í sì í ṣe ti ọmọ tí àìní sọ di alágbàṣe lóko tàbí oníkiri lọ́jà. Àwọn wọ̀nyẹn ní ìrora tiwọn. Èyí tí a fẹ́ yẹ̀ wò ni ti ọmọ tó ní ìwé, tó ní bàtà, tí òbí rẹ̀ fẹ́ kó kàwé tọkàntọkàn, tí òbí yìí kan náà sì ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ yọ ọ́ kúrò ní kíláàsì nítorí ìrìn-àjò ẹbí: ìsìnkú bàbá àgbà, ìgbéyàwó, oyè jíjẹ, ọdún ìdílé, tàbí ìsinmi lásán lọ́dọ̀ ìyá àgbà tó ti ń bèèrè láti ọjọ́ pípẹ́ pé ìgbà wo ni òun yóò fojú kan ọmọ ọmọ òun. Kò sí ẹni tó ń pe èyí ní àìlọ sílé-ẹ̀kọ́. Ilé ni a ń lọ, ilé kò sì ṣe é kọ̀.

Òfin ní tirẹ̀ sọ̀rọ̀ náà gbangba. Òfin ìpìlẹ̀ ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ti ọdún 1990 sọ ní abala 13 pé dandan ni ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Òfin ìpìlẹ̀ Tógò ti ọdún 1992, èyí tí wọ́n lò títí di ọdún 2024, sọ pé dandan ni ilé-ẹ̀kọ́ fún ọmọkùnrin àti ọmọbìnrin títí wọn yóò fi pé ọmọ ọdún 15. Ṣùgbọ́n láàrin òfin àti ẹnu-ọ̀nà kíláàsì, ọ̀rọ̀ tí òbí bá bá ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ sọ ló wà níbẹ̀. Òbí kan a lọ bá a, a ṣàlàyé, a tọrọ àyè. Òbí kejì kò ní sọ nǹkan kan. Òbí kẹta a kọ́ ọmọ ní ohun tí yóò wí bó bá padà dé: pé ibà ló ṣe òun. Lójú tèmi, ti ẹni kẹta yìí ló burú jù, ó burú ju ọjọ́ mẹ́ta tó sọnù lọ. Ọmọ náà mọ ibi tí òun ti ń bọ̀. Ó ti jó, ó ti jẹ iyán, wọ́n ti ki oríkì rẹ̀, ó sì wá gbọ́ tí ìyá rẹ̀ ń fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọdún ìdílé di àìsàn.

Àwọn ará wa tó ń gbé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò ní irú àyè tí a ní yìí. Ìdílé Yorùbá tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù, tó fẹ́ kó ọmọ wá sílé wá rí àwọn àgbà, máa ń bá ìṣòro méjì pàdé lẹ́ẹ̀kan náà. Owó ọkọ̀ òfurufú a máa gbówó lórí ní àkókò ìsinmi ilé-ẹ̀kọ́. Bí wọ́n bá sì gbéra ṣáájú ìsinmi kí owó náà lè dín, ìjọba lè bu ìtanràn lé wọn. Títí di ọdún 2013, ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ lè fún ọmọ láyè tó ọjọ́ mẹ́wàá lọ́dún fún irú ìrìn-àjò bẹ́ẹ̀. Láti oṣù kẹsàn-án ọdún náà, kò sí àyè mọ́ àfi bí ohun àrà ọ̀tọ̀ kan bá ṣẹlẹ̀. Láti oṣù kẹjọ ọdún 2024, ìtanràn náà jẹ́ 80 pọ́n-ùn bí òbí bá san án láàrin ọjọ́ 21. Bó bá pẹ́ jù bẹ́ẹ̀, ó di 160. Ọjọ́ márùn-ún láìgbàṣẹ láàrin ọ̀sẹ̀ ẹ̀kọ́ mẹ́wàá ti tó láti fà á. Òbí kọ̀ọ̀kan ló sì ń san án, lórí ọmọ kọ̀ọ̀kan. Bàbá, ìyá àti ọmọ mẹ́ta: 480 pọ́n-ùn, láì tíì ka owó ọkọ̀.

Ẹjọ́ kan tó di ìlúmọ̀ọ́ká níbẹ̀ ni ti bàbá kan ní erékùṣù Isle of Wight, tó mú ọmọbìnrin rẹ̀ lọ sí Florida fún ọjọ́ ẹ̀kọ́ méje ní ọdún 2015 lẹ́yìn tí ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ ti kọ̀ fún un. Wọ́n ní kó san 120 pọ́n-ùn. Ó kọ̀, ó ní ọmọ òun ń lọ sílé-ẹ̀kọ́ déédéé, pé bí a bá pín ọjọ́ ẹ̀kọ́ sí ọgọ́rùn-ún, ó wà níbẹ̀ ní ohun tó lé ní àádọ́rùn-ún. Ilé-ẹjọ́ gbè é. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 6 oṣù kẹrin ọdún 2017, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ní ilẹ̀ náà yí ìdájọ́ yẹn padà. Àwọn adájọ́ márààrún fẹnu kò pé ohun tí “déédéé” túmọ̀ sí ni gẹ́gẹ́ bí ìlànà ilé-ẹ̀kọ́ bá ṣe là á sílẹ̀, kì í ṣe gẹ́gẹ́ bí òbí bá ṣe rò ó lọ́kàn ara rẹ̀. Lady Hale tó kọ ìdájọ́ náà tọ́ka sí i pé bí ọmọ kan bá kúrò láàrin ìkẹ́kọ̀ọ́, ó ń da iṣẹ́ àwọn ọmọ yòókù rú pẹ̀lú, kò sì dára fún àwọn òbí tó ń pa ìlànà mọ́ bó ti wù kó ni wọ́n lára tó.

N kò fẹ́ kí a yá òfin yẹn wọlé. Ìtanràn a máa sọ ọjọ́ ẹ̀kọ́ di ọjà: olówó yóò kà á mọ́ owó ìrìn-àjò rẹ̀, yóò sì máa lọ, tálákà nìkan ni yóò jókòó. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ yòókù yẹn kàn wá gan-an, nítorí pé kíláàsì wa kún, olùkọ́ kan ṣoṣo ló sì sábà máa ń wà níwájú rẹ̀. Bí ọmọ mẹ́fà bá ti ibi ìsìnkú kan náà dé ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, olùkọ́ náà ní láti yàn: ṣé kí ó padà sẹ́yìn nítorí àwọn mẹ́fà, kí àwọn yòókù máa ya àwòrán sẹ́yìn ìwé, tàbí kí ó máa lọ síwájú, kí àwọn mẹ́fà máa wò?

Ohun tí ọmọ ń pàdánù kò sì dọ́gba. Ní CE1 tàbí CE2, ọjọ́ méjì lè kọjá láìsí ariwo. Ní CI, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Ọmọ tó dàgbà sí ilé tí wọ́n ti ń sọ Yorùbá ní Kétu tàbí ní Ṣábẹ̀ kò gbọ́ èdè Faransé níbòmíràn ju ẹnu olùkọ́ rẹ̀ lọ. Bó bá kúrò fún ọ̀sẹ̀ kan, èdè náà yóò kúrò lọ́dọ̀ òun náà fún ọ̀sẹ̀ kan, nígbà tó jẹ́ pé àná òde yìí ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ lẹ́tà. Ní CM2, ìdánwò CEP ń bẹ níwájú ní ìparí ọdún ẹ̀kọ́. Ọmọ tí kò sí níbẹ̀ ní ọjọ́ tí wọ́n ṣàlàyé bí a ti ń pín nọ́ńbà oníìdá yóò bá a pàdé lórí tábìlì ìdánwò. Òbí tó mú un lọ sóde ti gbàgbé ọjọ́ náà nígbà yẹn.

Ẹ̀rí apá kejì náà wúwo. Ẹ wo ọmọ tí wọ́n bí sí Kútọnu tàbí Calavi, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Kétu. Faransé ló ń sọ ní kíláàsì, Fọ̀n ló ń sọ ní ìgboro, nínú ilé pàápàá Faransé ni àwọn òbí fi ń bá a wí. Inú fóònù ni Yorùbá ti ń dé etí rẹ̀, lẹ́nu àwọn tó ń kí i láti òkèèrè. Fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀, ọ̀nà Kétu nìkan ni ilé-ẹ̀kọ́ èdè rẹ̀. Ibẹ̀ ni yóò ti gbọ́ Ẹ̀fẹ̀ ní òru, tí akọrin ń yin ẹni rere, tó ń fi aṣebi ṣe yẹ̀yẹ́ ní gbangba ọjà, títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. UNESCO kéde Gèlèdé ní ọdún 2001, ó sì kọ ọ́ sínú àkójọ àjogúnbá gbogbo ayé ní ọdún 2008, ní orúkọ Bẹ̀nẹ̀, Nàìjíríà àti Tógò. Àkójọ náà kò lè gbé ọmọ kankan dé ojú agbo. Òbí ló ń gbé e débẹ̀.

Àmọ́ ìgbà wo ni a ń gbé e débẹ̀? Ọjọ́ mẹ́ta láàrin ìkẹ́kọ̀ọ́. Ó dé ní òru Ọjọ́bọ̀, wọ́n ṣe àìsùn ní ọjọ́ Ẹtì, wọ́n sìnkú ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, wọ́n dúpẹ́ ní ọjọ́ Àìkú. Láàrin gbogbo rẹ̀, ọmọ náà jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ agbóhùnjáde, ó ń wá ibi tí yóò ti fi iná sí fóònù. Èdè kì í wọ ọmọ lára báyẹn. Ọ̀sẹ̀ méjì, mẹ́ta, oṣù kan ló ń gbà: kí wọ́n rán an lọ ra iyọ̀, kí àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ fi ohùn rẹ̀ ṣe ẹ̀fẹ̀, kí ó bínú, kí ó tún un sọ, kí ó tó mọ̀ ọ́n. Kí ẹnì kan ní sùúrù láti mú un lọ sí Àkàbà Ìdẹ̀nà, kí ó fi ibi tí yàrà ìlú gbà hàn án, kí ó sọ fún un bí Kétu ṣe bọ́ sọ́wọ́ ọmọ ogun Dàhòmì ní ọdún 1886.

Àkókò tó gùn bẹ́ẹ̀ wà. Láàrin ìparí ọdún ẹ̀kọ́ àti àárín oṣù kẹsàn-án, ó lé ní oṣù méjì. Kí ni a ń fi í ṣe? A ń fi orúkọ ọmọ sílẹ̀ fún cours de vacances. Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe jẹ́ pé ọmọ kan náà ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì ní oṣù kẹjọ nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ wà ní títì, tó sì ń jókòó nínú ọkọ̀ ní oṣù kẹta nígbà tó wà ní ṣíṣí. Mo mọ̀ pé ẹ̀rù ló ń ba òbí, pé kí ọmọ má baà gbàgbé ohun tó kọ́. Ẹ̀rù náà kì í sì í bá wọn rìn ní oṣù kẹta.

Ọdún kan wà tó bọ́ síbi tó dára fúnra rẹ̀. Ọdún iṣu tuntun ń bọ́ sí inú ìsinmi gígùn. Ní ọjọ́ 15 oṣù kẹjọ ni àwọn aládùúgbò wa Máhì ń ṣe tiwọn ní Savalou. Àwọn mìíràn kò ṣe bẹ́ẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ọjọ́ 10 oṣù kìíní, ọjọ́ ẹ̀sìn ìbílẹ̀ ní Bẹ̀nẹ̀, jẹ́ ọjọ́ ìsinmi ìjọba, ṣùgbọ́n ọjọ́ kan péré ni nígbà náà. Ní 2024 ó bọ́ sí Ọjọ́rú, ìdílé tó bá sì rìn jìnnà nítorí rẹ̀ lè ti fi ọ̀sẹ̀ kan gbáko ṣe é.  Iléyá tí àwọn Mùsùlùmí Àjàṣẹ́ ń ṣe ń fi nǹkan bí ọjọ́ 11 sún sẹ́yìn lọ́dọọdún. Ní 2025 ó bọ́ sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹfà, nígbà tí ìdánwò ti sún mọ́lé. Gèlèdé sì sábà máa ń wáyé láàrin oṣù kẹta sí ìkarùn-ún, gan-an nígbà tí CM2 ń múra sílẹ̀.

A kò lè sún òṣùpá, a kò sì ní kó ẹnu sí ọ̀rọ̀ àwọn tó ń dá ọjọ́ Gèlèdé. Ṣùgbọ́n ọjọ́ ìsìnkú àgbà, àwa fúnra wa ni a ń dá a. Gbogbo wa la mọ bó ṣe ń lọ. A gbé òkú pamọ́, ẹbí pàdé, a bèèrè ìgbà tí ẹ̀gbọ́n tó wà ní Paris lè gba àyè níbi iṣẹ́, ìgbà tí àbúrò tó wà ní Libreville yóò rí owó ọkọ̀. Ó lè gba ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Kò sí ẹni tó bínú. Ní irú ìpàdé bẹ́ẹ̀, ta ló ti gbọ́ tí ẹnì kan bèèrè pé ìgbà wo ni ìsinmi Àjíǹde, pé ọmọ mẹ́rin nínú ilé yìí wà ní CM2? Bí òkú bá lè dúró de ẹni tó wà ní Paris, ó lè fi ọ̀sẹ̀ kan dúró de àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọbìnrin tún wà níbẹ̀, a kì í sì í sọ ọ́ sókè. Bí ọ̀nà bá dọ́gba nígbà àlọ, kì í dọ́gba nígbà àbọ̀. Ọmọkùnrin yóò bá bàbá rẹ̀ padà ní ọjọ́ Àìkú. Wọn yóò ní kí ọmọbìnrin dúró ti ìyá rẹ̀, nítorí ìkòkò ńlá kò tíì ṣeé dá padà fún àwọn tó yá wa, àwo kò tíì tán, ìyá àgbà sì ń fẹ́ ẹni tí yóò máa bá òun pọn omi títí àlejò ìkẹyìn yóò fi lọ. Ọjọ́ méjì rẹ̀ di márùn-ún. Ẹ̀yin ọ̀dọ́bìnrin tó ń ka ìwé ìròyìn yìí mọ ohun tí mo ń wí.

Ikú òjijì wà, ìyá àgbà tó ń ṣàìsàn wà, ìgbà mìíràn kò sì sí ohun tí a lè ṣe ju kí a gbéra lọ. Nígbà náà, kí òbí lọ sọ òtítọ́ fún olùkọ́ kí ọkọ̀ tó gbéra, kí ó bèèrè ohun tí wọn yóò kọ́, kí ó dá ọjọ́ àbọ̀, kí ó sì bọ́ sí i. Ìwé ọmọ ẹgbẹ́ kan wà tí a lè yá ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí a bá dé. Olùkọ́ náà ní ohun tó lè ṣe yàtọ̀ sí ìbáwí: kí ó pe ọmọ tó ti Kétu dé síwájú kíláàsì, kí ó ní kí ó fi Faransé sọ ohun tó rí ní òru Ẹ̀fẹ̀, ohun tí akọrin wí, ẹni tí wọ́n fi ṣe yẹ̀yẹ́, àti bí ìbòjú tó rí ti pọ̀ tó.