Ọpọ́n, Wàláà àti Àgbélétan: Orúkọ Ohun-Èlò àti Iṣẹ́ Tí Ó Yẹ Kí Ó Ṣe

Àwọn Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Bí ó ti rí fún ọmọ ènìyàn ni ó rí fún ohun-èlò: iṣẹ́ rẹ̀ ni ó yẹ kí a wò kí a tó fún un ní ọ̀rọ̀-ìperí. Ṣùgbọ́n nígbà mìíràn, orúkọ a máa ṣáájú, a sì máa sọ fún àwọn ènìyàn ohun tí wọn yóò máa retí. Irú èyí ṣẹlẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun.

Ní ọjọ́ kẹta oṣù Kẹfà ọdún 2013, ìjọba ìpínlẹ̀ náà, lábẹ́ Gómìnà Rauf Arẹ́gbẹ́ṣọlá, ṣí ètò kan tí wọ́n pè ní Ọpọ́n Ìmọ̀. Kọ̀ǹpútà pẹlẹbẹ tí a ń fi ìka tẹ̀ lójú ni wọ́n fẹ́ pín fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ onípò àgbà ní ilé-ẹ̀kọ́ girama ìjọba. 150,000 ni iye tí wọ́n fojú sùn. Nǹkan mẹ́ta ni wọ́n kó sínú rẹ̀: ìwé kíkà lórí iṣẹ́ 17, ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àfetígbọ́, àti àwọn ìbéèrè ìdánwò àtẹ̀yìnwá. Gbogbo ìpínlẹ̀ ni ètò náà wà fún, láti Òṣogbo títí dé Ìlobùú àti Ìfọ́n-Ọ̀ṣun, àwọn ìlú méjì aládùúgbò tí kò jìnnà sí Òṣogbo.

Ọ̀rọ̀ tí ó jẹyọ níbẹ̀ kọjá ti ìjọba kan. Kí ni ó yẹ kí irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀ lè ṣe, tí èyí tí à ń gbé lé itan kò ní ṣe dáadáa tó? Orúkọ wo ni yóò sì fi ìyàtọ̀ náà hàn?

Àwọn orúkọ tí ó wà nílẹ̀

Àwọn kan ń pe kọ̀ǹpútà tí ó ní ìdérí àti bọ́tìnì ìtẹ̀wé ní "kọ̀ǹpútà alágbèéká". Àléébù kan wà nínú èyí: èyí tí ó rí pẹlẹbẹ ṣeé gbé káàkiri jù ú lọ, fóònù sì ṣeé gbé ju méjèèjì lọ. Alágbèéká dára fún gbogbo ẹbí náà lápapọ̀, ṣùgbọ́n kò ya ọmọ kan sọ́tọ̀ nínú wọn. "Àgbélétan" sàn jù, nítorí pé ó sọ bí ẹni tí ń lò ó ti ń jókòó.

Ní ti èyí tí ó rí pẹlẹbẹ, ọ̀rọ̀ méjì ni ó ń du ipò. Èkíní ni "wàláà", pátákó tí àwọn ọmọ kéwú ń fi tàdáà kọ̀wé sí, tí wọ́n sì ń fọ̀ nù kí wọ́n tó kọ òmíràn. Èkejì ni "ọpọ́n". Babaláwo a máa da ìyẹ̀rosùn sójú ọpọ́n, a fi ìka tẹ odù sí i, a sì tún pa á rẹ́. Ọ̀rọ̀-ìṣe kan náà, "tẹ̀", ni à ń lò fún ojú kọ̀ǹpútà pẹlẹbẹ. Lẹ́yìn èyí, ọpọ́n ayò wà, tí àwọn ènìyàn fi ń gbafẹ́ lábẹ́ igi. Ọpọ́n kó ìmọ̀ àti ìgbafẹ́ pọ̀ sínú orúkọ kan, ohun-èlò náà sì wúlò fún méjèèjì.

Ohun tí ó yẹ kí ọpọ́n lè ṣe

Kì í ṣe òní ni èrò yìí bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1972, Alan Kay, onímọ̀ kọ̀ǹpútà ará Amẹ́ríkà, kọ̀wé nípa kọ̀ǹpútà pẹlẹbẹ kan tí ó pè ní Dynabook, tí àwọn ọmọdé yóò lè gbé bí ìwé. Àgbélétan GRiD Compass, tí a lè pa dé bí ìwé, jáde ní ọdún 1982. iPad kò dé ọjà títí di oṣù Kẹrin ọdún 2010.

Ohun kìíní tí ó yẹ kí ọpọ́n ní ni àṣẹ́kù agbára. Bí bátìrì àgbélétan bá gba agbára 50 wáàtì fún wákàtí kan, tí ẹ̀rọ náà sì ń jẹ wáàtì 15, yóò ṣiṣẹ́ fún wákàtí mẹ́ta àti ìṣẹ́jú 20. Bí ti ọpọ́n bá gba 20 péré, ṣùgbọ́n tí ó ń jẹ wáàtì 4, wákàtí márùn-ún ni yóò lò. Níbi tí iná mànàmáná ti ń wá tí ó sì ń lọ, ìyàtọ̀ yìí ni yóò sọ bóyá ọmọ yóò kàwé lálẹ́ tàbí yóò lọ sùn.

Èkejì, kí ìmọ̀ wà nínú rẹ̀ láìsí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọpọ́n Ìmọ̀ ṣe èyí: inú rẹ̀ ni a ti kó ìwé sí.

Ẹ̀kẹta ni ó kan olùkọ́ èdè jù lọ: kí ó lè kọ Yorùbá bí ó ti yẹ. Nínú ètò Unicode, ẹ, ọ àti ṣ ní nọ́ńbà tiwọn lẹ́yọ ẹyọ. Ṣùgbọ́n ẹ́ tàbí ọ̀ kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo. Àmì ohùn ni a ó lẹ̀ mọ́ lẹ́tà. Bí àwọn tí ó ṣe ẹ̀rọ kò bá tọ́jú èyí, àmì yóò ṣí kúrò ní àyè rẹ̀, tàbí kí ó sọnù. Nígbà náà, ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ yóò di ohun kan náà lójú ọmọ tí ń kàwé, olùkọ́ kò sì ní mọ̀ bóyá ọmọ ni ó ṣì í ni tàbí ẹ̀rọ.

Àwọn iṣẹ́ kan wà tí ó yẹ kí a fi sílẹ̀ fún àgbélétan. Olùkọ́ tí ń kọ àròkọ gígùn, ògbufọ̀ tí ń fi ìwé méjì wé ara wọn, àti ẹni tí ń kọ ètò fún kọ̀ǹpútà nílò bọ́tìnì gidi àti ojú tí ó gbòòrò. Ìwé kíkà, àwòrán wíwò, ìbéèrè dídáhùn àti eré ni ti ọpọ́n.

Àbá

Kí "kọ̀ǹpútà alágbèéká" dúró fún gbogbo ẹbí náà. Kí "àgbélétan" jẹ́ ti èyí tí ó ní ìdérí. Kí "ọpọ́n-kọ̀ǹpútà" jẹ́ ti èyí tí ó rí pẹlẹbẹ. Ọpọ́n Ìmọ̀ yóò máa jẹ́ orúkọ àdáni ètò ti ọdún 2013. Ìjọba tí ó dá a sílẹ̀ parí sáà rẹ̀ ní oṣù Kọkànlá ọdún 2018, ṣùgbọ́n orúkọ rere tí ó mú wá kò yẹ kí ó bá sáà náà lọ. Bí olùkọ́ kan ní Ìfọ́n-Ọ̀ṣun bá sọ fún àwọn ọmọ pé kí wọ́n gbé ọpọ́n wọn jáde, tí gbogbo wọn sì mọ èyí tí ó ń wí, ọ̀rọ̀-ìperí náà ti yege ìdánwò tirẹ̀.